Fóònù Tí Yóò Dún Nínú Oko

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ifọ́nyìntẹ̀dó, ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa: abẹ́ igi kaṣú níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́. Láàárọ̀, oníkálukú á fi fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá, á so ó kọ́ ẹ̀ka. Bí ọ̀kan bá dún, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á tẹ̀ ẹ́, á ṣí ohùn rẹ̀ sókè, olóhun á sì dáhùn láti ibi tó jókòó sí, torí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tí kò dáa. Kò sí àṣírí lábẹ́ igi náà.

Mùínátù nìkan ló ní àṣírí. Jibril, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ gbéyàwó ní Ṣàgámù. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìyàwó ọ̀gá òun ni yóò jókòó sípò ìyá, torí ènìyàn ńlá ni àwọn àna òun. Mùínátù rò pé ọkàn rẹ̀ yóò yí padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ń kí i kú oríire. Roheemat, ọ̀kan nínú wọn, ti bá wọn wá ọkọ̀ tí yóò kó gbogbo wọn lọ ní Sátidé. Bí Jibril bá wá pè lábẹ́ igi yẹn ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí Mùínátù fi lọ ra fóònù mìíràn ní Ìláró. Ó fẹ́ èyí tí yóò dún nínú oko rẹ̀, níbi tí etí tirẹ̀ nìkan wà.

Abdulrauf tó ń ta fóònù kọ́kọ́ gbé pẹlẹbẹ kan sílẹ̀.

"Màmá, ẹ wo èyí. Kámẹ́rà rẹ̀ ò láfiwé."

"Ṣé kámẹ́rà ló máa bá mi hú ẹ̀gẹ́ ni? Bátìrì ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ní iná nílé?"

"Iná wo? Gbé onítọ́ọ̀ṣì yẹn wá, ìwọ ọmọ yìí, yéé fi mí ṣeré."

Abdulrauf rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ni yín. Láìnì wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó bá ti wọ oko mi níbodè."

"Lápá ibodè lọ́hùn-ún? Àfi ti Kùtọnu, Màmá."

Òótọ́ ló sọ. Láàárín ebè, láìnì Kùtọnu wọlé kedere. Mùínátù pe Jibril lójú ẹsẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Nọ́mbà yìí ni kí o máa pè."

"Nọ́mbà Kùtọnu? Ẹ má fi pè mí mọ́ o. Bí àwọn àna mi bá rí i, wọ́n á ní fàyàwọ́ là ń ṣe nídìílé wa."

Ó pa fóònù. Ẹ̀gẹ́ ibodè yìí ló gbé e dé yunifásítì. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí àti Jibril la jọ lọ. Mo mọ ẹni tó ń ru gààrí wá fún un. N kò ní bo orúkọ Jibril.

Mùínátù ò lè pa fóònù àtijọ́. Bóyá Jibril á pè pé kó máa bọ̀. Ó ń so ó kọ́ ẹ̀ka tó kángun sí i, kí ọwọ́ tirẹ̀ lè kọ́kọ́ dé e. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ó ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú korobá omi nígbà tó dún.

"Ìyá ọkọ ìyàwó! Ọmọ ń pè o!" ni Hussainat kígbe láti abẹ́ igi.

"Fi sílẹ̀!"

Hussainat ti tẹ̀ ẹ́.

"Mo kàn ní kí n rán yín létí ni," ni ohùn Jibril wí. "Ẹ má wá ní Sátidé o. Mo ti sọ fún wọn pé ìyàwó ọ̀gá mi ni ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá dójú tì mí."

Ó pa fóònù. Gbogbo ọ̀bẹ dúró. Hussainat ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dáa rárá," ló wí. "A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mùínátù dáhùn. "Ó ń já." Ó sọ korobá kalẹ̀, ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Roheemat dìde. Ó ní láti tètè sọ fún awakọ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọlé. Ó gba ọ̀nà odò, kò wọlé. Ó padà sábẹ́ igi, ó kọjú sí ìtì igi náà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Awakọ̀ ò gbọ́, ó ní kó sọ ọ́ sókè.

"Mo ní ẹ má wulẹ̀ wá ní Sátidé," ni Roheemat wí. "A ò lọ mọ́."

Mùínátù ń bó ẹ̀gẹ́. Kò gbórí sókè.