Bẹ́ẹ̀ni àti Bẹ́ẹ̀kọ́ Tí Mi Ò Lè Fi Pamọ́

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Énúgù ra kọ̀ǹpútà kan sí ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Ògúì New Layout, wọ́n ní kí n máa tẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí i. Mi ò parí girama, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kálukú fẹ́ kó jẹ́ àṣírí: bí o bá kú síbí, ṣé kí a gbé ẹ lọ sílé? Torí rẹ̀ ni mo ṣe da ohun gbogbo rú, kí ojú má lè kà á. Ọ̀gá mi ti sọ pé irú nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní bí a ṣe ń fi í pamọ́. Orúkọ, mo pààrọ̀ lẹ́tà rẹ̀. Ọjọ́ ìbí, mo tì í síwájú kó ṣì jẹ́ ọjọ́, torí kọ̀ǹpútà ò ní gba lẹ́tà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ ni mo fojú kéré. Gbogbo bẹ́ẹ̀ni di Q, gbogbo bẹ́ẹ̀kọ́ di K. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ká lè rí ẹni tí à ń wá.

Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Énúgù níbí ni wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí. Ó ní kí n tẹ bẹ́ẹ̀kọ́ fún òun.

"Ẹ̀gbẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ sùn. Má jẹ́ kí àbúrò mi gbọ́ o."

"Kò sẹ́ni tó lè rí i, Bàbá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ yà sọ́dọ̀ mi. Àbúrò tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wonderful! Èmi ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé, Q ló wà níwájú nọ́ńbà mi. Bọ̀dá, kí ló dé tí tiyín jẹ́ K?"

Bàbá gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Èmi ló ń wò.

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a sọ yín nù sílẹ̀ onílẹ̀ ni?"

Wọ́n pe ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá nìkan dá wá.

"Yí i sí bẹ́ẹ̀ni, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo ní kó jẹ́ kí n tún un ṣe, pé màá po ìdáhùn kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà ẹni tó ni ín kí n tó dà á rú, bẹ́ẹ̀ni ẹnìkan ò ní jọ ti ẹlòmíì mọ́.

"Ẹni tí mi ò fẹ́ kó mọ̀ ti mọ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Q jáde.

Nígbà tó kú, mo bá wọn gbé pósí rẹ̀ sínú mọ́tò tí wọ́n háyà ní gáréèjì Gáríkì láti gbé e lọ sílé. Àbúrò rẹ̀ ń sunkún gidi, mi ò lè bínú sí i. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Òun fúnra rẹ̀ ló yí i, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ni, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́tò.