Síìdì Fìdáù Bàbá Mi

Ìyá mi kò fi síìdì náà sínú àpótí ẹrù rárá. Gèlè dúdú kan ló fi wé e, ó ki í bọ inú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé báàgì ọ̀hún lé itan láti Èkó títí bàálù fi balẹ̀ sí Chicago. Ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ tó dì fún mi wà nísàlẹ̀ bàálù lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Bí àwọn yẹn bá sọnù, wọ́n sọnù nìyẹn.

Ohun tó wà nínú síìdì náà ni fìdáù bàbá mi, àdúà ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fún un. Èmi kò lè lọ sílé nígbà tó kú. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ náà lè má wọlé mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá mi, ìdí bẹ́ẹ̀dì bàbá olóyìnbó kan ni mo wà tí mò ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé oògùn rẹ̀ mì. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ìyá mi wà nílé ní tirẹ̀, àmọ́ òun náà kò rí nǹkan kan. Opó ni. Nínú ilé wa, opó kì í jáde sí gbangba. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, wọ́n fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń gbọ́ àdúà, tó ń gbọ́ wáàsí, tó ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń pín oúnjẹ. Kò rí ojú ẹnì kan lára àwọn èrò tó kún àgbàlá. Tó bá jẹ́ ti ká fojú rí ni, ibi tí mo wà ní Woodridge lẹ́bàá Chicago àti ibi tó wà nínú yàrá, ọ̀kan náà ni.

Mo rò pé nígbà tó ti ṣe opó tán, ó ti ní láti wo síìdì náà ní àwòtúnwò. Mo bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ tó dé.

"Mi ò tíì wò ó," ló wí.

"Haba, Mọ́mì! Kí ló dé?"

Ó tún gèlè tó fi wé e ṣe kó tó dá mi lóhùn. "Bóyá bàbá yín àgbà wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀, ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, mi ò fẹ́ dá nìkan mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni bàbá àgbà tó ń wí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba wọn ló da àárín wọn rú, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá mi fi kú. Lẹ́yìn fìdáù, gbogbo ẹni tí ìyá mi bi ló ń sọ pé, "Ó wá, ó wá." Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kò wọlé wá kí i, ìyá mi sì mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń bá opó sọ̀rọ̀. Ta ló máa sọ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò yọjú? Ta ló sì tó láti lọ bá àgbàlagbà kó bi í pé ṣé ẹ wá sí fìdáù àbúrò yín? Síìdì yẹn nìkan ni kò ní parọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà, ó wọ aṣọ tó dáa, ó wé gèlè, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wa bí ẹni tó lọ kí èèyàn. Mo ki síìdì náà bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó kọ ọ́ síta pé òun kò lè gbé síìdì yìí, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Mo fi etí ìró nù ún. Mo tún mú òwú àti sípíríìtì, mo nù ún bí ẹni tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tún pọ̀ ọ́.

"Maybe ó ti scratch," ni ọkọ mi wí. "Ẹ má worry, Mọ́mì. Mo máa wá player mìíràn."

Ó pe ọmọkùnrin tó ya fídíò náà nílé pé kó fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ní òun ti pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà òun, nítorí iṣẹ́ mìíràn ti dé. Kọ̀ǹpútà tiwa náà kò ní ojú ibi tí wọ́n ń ki síìdì bọ̀ mọ́. Bí gbogbo fìdáù bàbá mi ṣe wà nínú àwo pẹrẹsẹ dídán kan ṣoṣo nìyẹn, nínú gèlè dúdú.

Ọkọ mi ra ẹ̀rọ mìíràn níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Eléyìí gbà á. Ohùn jáde, ó já geere, a gbọ́ àlùfáà tó ń ṣe àdúà fún bàbá mi tó sì ń dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kò dúró. Dúdú àti funfun ló wá, ó ya sí wẹ́wẹ́, ó ń yí lọ sókè láìsinmi. Orí ẹnì kan á yọ, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á bá a lọ. Ìyá mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí eékún rẹ̀ fi fẹ́ kàn án.

Ohùn ló fi ń mọ àwọn èèyàn. "Ìyá ìdí àrò nìyẹn." "Alága àdúgbò nìyẹn, wo bó ṣe ń wú ikọ́." Ó ń retí ohùn bàbá àgbà, ohùn tó máa ń há, tí kò ṣeé ṣì gbọ́ láàárín igba èèyàn. Wọ́n ṣe àdúà tán, wọ́n ṣe wáàsí tán, wọ́n pín oúnjẹ. Ohùn náà kò wá.

"Ẹ pa á," ni ìyá mi wí. Mo pa á.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e lé itan. "Ó jẹ́ kí n gbọ́, kò jẹ́ kí n rí. Inú yàrá yẹn náà ni mo tún wà." "Bàbá yín ló ń bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣìírí. Ó mọ̀ pé kò wá, kò sì fẹ́ kí n fojú rí i. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Inú bí mi. Bí ìbànújẹ́ bá pọ̀ fún mi, ìbínú ni mo máa ń kọ́kọ́ bá jáde, ọkọ mi mọ̀ mí dáadáa. "Mọ́mì, ẹ̀rọ ló bàjẹ́! Kí ló kan Dádì níbẹ̀?"

"Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi ni mo mọ ọkọ mi."

Òótọ́ ni pé bàbá mi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìjà wọn, kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìdáa níwájú òun. Bí mo ṣe ń palẹ̀ abọ́ mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé èmi náà ti ń gba ìyá mi gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ló tú mi sílẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni, Plainfield ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ nílùú yìí jù mí lọ. Mo ṣàlàyé fún un nígbà tá a jókòó jẹun, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé síìdì láti ilé ni? Àh, PAL ni now! PAL ni tilé, NTSC ni tibí. Player tẹ́ ẹ rà níbí, America nìkan ló gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ kó yé mi."

"Tẹlifíṣọ̀n tilé àti tibí ò jọ ń ya picture bákan náà. Ìlà tí tilé fi ń yà á pọ̀ ju tibí lọ, tibí sì ń yára yà á ju tilé lọ. Tí wọn ò bá ti jọ rìn, á ya, á máa yí. Nothing is wrong with the disc. Síìdì wedding tèmi náà ṣe mí bẹ́ẹ̀, mo fi sunkún!"

Mo ní mo gbọ́ pé wọ́n tún máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti síìdì mọ́ ilẹ̀ kan.

"Ti film tí wọ́n ń tà nìyẹn. Ta ló máa wá ti fìdáù mọ́ra?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú mi, ó sì dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Má sunkún. Mo ní player tó gbọ́ méjèèjì. After church on Sunday, mo máa gbé e wá."

Ó gbé e wá lóòótọ́, ó fi táwẹ̀lì wé e. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ìyá mi kò fẹ́ kí a tún gbìyànjú mọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún àlejò tó wakọ̀ wá láti Plainfield pé kó gbé ẹrù rẹ̀ padà. Ó kàn yí àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Ó ní òun á máa gbọ́.

Àwòrán dé. Ó dúró, ó sì ní àwọ̀. Ilé wa ni mo rí, ògiri tí bàbá mi kùn ní àwọ̀ ewé, igi gúáfà, àwọn èèyàn lábẹ́ kánópì. Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún títí ẹ̀gbọ́n fi di ọwọ́ mi mú. Ẹkún mi ni ìyá mi gbọ́ tó fi yíjú padà, kò sì kọjú sí fèrèsé mọ́.

Kámẹ́rà gba àárín àwọn àgbà kọjá. Bàbá àgbà kò sí níbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà, ó gba ẹnu ọ̀nà, kò sí níbẹ̀. Ìyá mi kàn ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò wá rìn yí ilé ká, ó yọ sí ẹ̀yìn.

"Fèrèsé mi nìyẹn," ni ìyá mi wí.

Kọ́tìnnì bo fèrèsé náà. Lábẹ́ rẹ̀, bàbá arúgbó kan jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri yàrá náà gan-an. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Nígbà tó rí kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ bojú, ó sì juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Nígbà tí síìdì ń parí lọ, tí àwọn ọmọ ń ká àga, kámẹ́rà tún fojú kan ẹ̀yìn ilé náà fírí. Bàbá àgbà ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ bá mi pè é," ni ìyá mi wí.

Ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bàbá àgbà gbé e. Ìyá mi gbé fóònù kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, bàbá. Ìyàwó yín ni. Mo ní kí n dúpẹ́ ni. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi jókòó."

Ohùn tó ń há yẹn ló dáhùn. "Ìyàwó, ṣé o rí mi ni?"

"Mo rí yín, bàbá."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa wọlé ni."

"Ẹ ti wọlé, bàbá," ni ìyá mi wí. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà títí bàbá àgbà fi sọ fún un pé kó dìde.