Ihò Mẹ́rin Lẹ́yìn Ańpílì

Bí òórùn ike tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná bá kàn mí nímú, ọ̀sán kan ní àdúgbò Djègan-Kpèvi ni mo máa ń rántí. Bàbá mi mú mi lọ ra ańpílì tí yóò máa gbé orin lọ sínú báfù wa méjèèjì, àwọn àpótí tí orin ń jáde nínú wọn. Ebi ń pa mí, òógùn ń wọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ọlọ́jà gbé wá ni Bàbá ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń dá padà.

“Alájì, èyí ń gba orin láti inú fóònù!”

“Ihò báfù mẹ́rin ni mo fẹ́.”

“Ṣé mọ́sálásí lẹ fẹ́ gbé e lọ ni?”

“Bàbá, báfù méjì péré la ní,” ni mo fi ẹkún sọ.

“Ta ló bi ọ́?”

Ìkẹfà ló ní ihò mẹ́rin. Nílé, Bàbá so báfù méjèèjì mọ́ ọn. Ìyá mi bẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Ta ló ni ihò méjì yòókù?”

Bàbá yí orin sókè. Yàrá ìyàwó tuntun tó ń bọ̀ ló ni ín, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá rí i pé ẹnìkan ti fi ẹ̀kọ tútù dí ihò méjèèjì. Èmi ni wọ́n nà. Ìyá jókòó tì wá, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ẹ̀kọ ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn.