Táyà Tuntun Kan Ṣoṣo: Iwájú Ni àbí Ẹ̀yìn?

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí táńkì máṣíìnì ni bàbá wa máa ń gbé mi jókòó sí, kò sí ohun tí n kì í fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Máṣíìnì là ń pe alùpùpù nílé wa ní Àrán-Ọ̀rin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé gbogbo ilé ló ní in o. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni bàbá wa ra tirẹ̀ ní tuntun. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n tó ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, owó ti wọ́n, ìlú ti le, táyà méjèèjì sì ti dán.

Mo máa ń kúnlẹ̀ tì wọ́n, kí n máa fi ìka wá ibi tí ilà ara wọn wà tẹ́lẹ̀. Lára ti ẹ̀yìn, òwú ti yọ síta. Ó yà mí lẹ́nu pé òwú wà nínú rọ́bà. Mo bi bàbá wa pé ta ló rán an. Ó ní kí n lọ bi òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Ìyá wa ń mọ ìkòkò, máṣíìnì yìí ló sì ń gbé e lọ sọ́jà Òmù-Àrán. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìkòkò tí ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sun la fẹ́ tà láti fi san owó ìdánwò àṣejáde ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọjọ́ tí wọn ò ní gbà á mọ́ sì ti sún mọ́lé. Bí ìkòkò bá fọ́ lọ́nà, ilé ni ẹ̀gbọ́n mi yóò jókòó sí. Kò sí ẹni tó ní kí n máa rò ó, àmọ́ èmi ni mo máa ń rò ó jù. Bí mo bá rí i tó ń kàwé, inú mi á dùn, ẹ̀rù á sì tún bà mí, bí ẹni pé inú mi tó dùn yẹn gan-an lè mú kí táyà bẹ́.

Owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti táyà kan lọ, bí ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, tilẹ̀ ti fi owó òrí tó ń tà kún un. Owó tirẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Baba tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọjà gbé tuntun náà wá sílé wa. Ó wo máṣíìnì, ó mi orí.

Ó sọ fún bàbá wa pé, "Orí mi tó pá yìí ṣì nírun ju táyà yín lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tuntun sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló ń gbẹ́rù."

"Ohun tí mo ti ń wí látàárọ̀ nìyẹn," ni ìyá wa wí. "Ẹ̀yìn ni ìkòkò mi ń jókòó sí."

Ìyá àgbà kò gbójú kúrò lára òrí tó ń pò. "Ti iwájú ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ni ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀yin ìyá, táyà náà tún ní ẹ̀gbọ́n?" ni ìyá wa bi í.

"Èwo ló ń kọ́kọ́ wọ̀lú nínú àwọn méjèèjì? Ìyàwó mi, nígbà tí o dé ilé yìí, ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ ń mú ẹran ni, àbí àwọn tó o bá nílé?"

Baba tó ń lẹ táyà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í pín nǹkan kí a fo àgbà. Ẹran Iléyá ni o, iṣu tuntun ni o, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Bí táyà tuntun ṣe lọ síwájú nìyẹn. Èyí tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ padà sẹ́yìn, wọ́n sì gé lára èyí tí òwú ti yọ, wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ níbi tó ti fẹ́lẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ìyá wa fi koríko gbígbẹ di ìkòkò rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀.

Èmi náà bá bàbá wa lọ, lórí táńkì. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú títì, mo gbọ́ gbòà lẹ́yìn wa. Ìdí máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá wa kò tẹ búréèkì. Ó di ọwọ́ máṣíìnì mú gírígírí, iwájú ń lọ tààrà, títí a fi dúró nínú koríko. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dẹtí, bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá já gaara, ó yè. Èyí tó bá dún bí igbá, ó ti sán nìyẹn. Gbogbo wọn ló yè, àfi ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó wá ṣe? Ó yọ túùbù tó ti ya, ó ní kí n máa fa koríko wá, ó sì ń kì í bọ inú táyà títí ó fi le. Orí koríko la fi dé Òmù-Àrán. Bàbá wa rọra ń wà á, èmi ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn, mò ń wò ó bóyá yóò tú jáde. Ọjà ti ń tú kí a tó dé, ṣùgbọ́n a tà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìdánwò rẹ̀.

Nígbà tí baba tó ń lẹ táyà gbọ́, ó ní ká ní iwájú ló bẹ́ ni, ilẹ̀ ni àwa àti ìkòkò ìbá wà. Ìyá wa ní, "Ká ní tuntun wà lẹ́yìn, ta ló sọ fún yín pé nǹkan kan á bẹ́?" Mo lọ bá ìyá àgbà, mo bi í bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Kí ni mo mọ̀ nípa máṣíìnì? N kò gùn ún rí. Ẹni tó ṣíwájú ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ fún ní bàtà."

Ó dùn mí díẹ̀, torí mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó mọ̀. Títí di òní n kò lè sọ ẹni tó jàre nínú wọn.

Ayé ti yí o. Ike ti gba ọjà lọ́wọ́ ìkòkò, ọ̀kadà kún gbogbo ojú ọ̀nà, ìlú sì tún ti le. Bí táyà máṣíìnì tèmi bá ti jẹ tán báyìí, ṣọ́ọ̀bù ni mo ń lọ, táyà kan ṣoṣo náà ni agbára mi ṣì ń ká. Wọ́n á bi mí pé iwájú ni àbí ẹ̀yìn. Mo máa ń rántí ìyá àgbà àti ìyá wa kí n tó nawọ́. Ibi tí mo bá nawọ́ sí ni wọ́n máa fi í sí. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí yóò bá mi jiyàn.