Èèpo Iṣu Lẹ́yìnkùlé

Mo kórìíra ràkúùnù, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni fún un. Ẹranko tí ojú rẹ̀ dúdú bíi ti olè tó fi aṣọ bojú, tó ní ìka bíi ti ènìyàn, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí garawa ìdọ̀tí! Ẹnìkejì rẹ̀, pọ́sọ̀ọ̀mù, jọ òkété tí àìsàn ti hàn léèmọ̀.

Ní Garland tí mò ń gbé nílùú òyìnbó, inú ihò igi etí odò ló yẹ kí wọ́n wà, tàbí inú gọ́tà ńlá tí àgbàrá ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gbé inú gọ́tà tó bá rí àjà ilé tó móoru? Ràkúùnù gba àjà mi. Pọ́sọ̀ọ̀mù gba abẹ́ pákó tí a tẹ́ sẹ́yìnkùlé. Tí mo bá ti ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì dé, òórùn ìtọ̀ wọn ló ń kí mi káàbọ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Màmá mi ni ògiri tó lanu. Mo mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè máa bá mi gbé, nítorí kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kó dúró tì mí ni gbogbo àdúrà mi. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá bẹ iṣu, á da èèpo rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, bó ṣe ń dà á fún ewúrẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ.

"Màmá, kò sí ewúrẹ́ níbí o!"

"Kí ló wá ń jẹ ẹ́?"

"Ẹranko burúkú ni!"

"Ẹranko tí ebi ń pa ni. Ìwọ kì í sí nílé. Àwọn ló ń yọjú sí mi nírọ̀lẹ́."

Inú ń bí mi jù láti gbọ́ ohun tó ń sọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin tí mo pè pé kó wá bá mi lé àwọn ẹranko náà dé. Ó gun àjà, ó yẹ abẹ́ pákó wò, ó ní ibi tí oúnjẹ bá wà ni wọ́n ń fi ṣe ilé. Ó béèrè ẹni tó ń bọ́ wọn.

Mo na ìka sí ìyá mi. Ìyá tó bí mi, lójú àlejò! Kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ìka ò nílò ògbufọ̀. Ó gbé ọ̀bẹ iṣu kalẹ̀, ó wọlé.

"Ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi," ló sọ lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, mo pariwo pé ìkà ni. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi wáyà dí àjà, wọ́n fi wáyà yí abẹ́ pákó ká. Nígbà tí mo pe Màmá lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó padà sí, kò tíì dáhùn ìkíni mi tó fi béèrè:

"Àwọn ẹranko yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, mà."

"O ṣeun," ó ní. "O ti lé gbogbo wa tán."