Ìdí Tí Àgáàtà Kò Fi Wọ Ilé Ọlọ́run Mọ́

Ọdún tí òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ kó tó rọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní abúlé wa lẹ́yìn Odomèta. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ó kà á kò tíì gba ìrìbọmi nígbà náà. Páànù pupa tó wà lórí ilé Ọlọ́run wa lẹ bá, ẹ sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe débẹ̀, àti ohun tó gbà lọ́wọ́ wa.

Àgáàtà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyálé mi nìyẹn, n kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Mo ń pè é níbí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń fi ẹ̀pà àti àgbàdo tó ń gbìn lórí ilẹ̀ ẹbí bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Oko tèmi wà nítòsí ilé, tirẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí erùpẹ̀ ti pọ́n jù.

Àlùfáà ọ̀dọ́ kan dé sí ìjọ wa lọ́dún náà. Silifáánù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mọpẹ̀ẹ̀ la máa ń pe àlùfáà lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn mísà ọjọ́ Àìkú, á ní ká jókòó sábẹ́ máńgòrò, á wá máa kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Ìjọ nípa ìgbé ayé àwùjọ. Ó sọ fún wa pé gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run dá ilẹ̀ fún, pé ẹni tó ní in kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ó ní àdéhùn tó bá gba oúnjẹ lẹ́nu tálákà, bí òfin tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àgáàtà nawọ́. "Mọpẹ̀ẹ̀, ṣé ẹ̀kọ́ Ìjọ nìyí, àbí èrò ọkàn tiyín?"

"Ẹ̀kọ́ Ìjọ ni, Màmá. Ó ti pẹ́ tó ti wà."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ ọ́ fún wa látọjọ́ yìí?"

Àwa yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé iṣẹ́ kan láti Kútọnu wá ilẹ̀ tí wọ́n ó gbin igi tíìkì sí. Olórí ẹbí wa ta ilẹ̀ ẹbí fún wọn, ti òkè àti ti ìtòsí ilé, láìbi obìnrin kankan léèrè. Àgáàtà kò gbọ́ nípa rẹ̀ àfi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó dé oko tó bá katapílà lórí ẹ̀pà rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Mọpẹ̀ẹ̀ lọ tààrà, èmi sì tẹ̀ lé e.

Ó bi í bóyá ká jáde lọ dí ọ̀nà oko mọ́ katapílà náà. Mọpẹ̀ẹ̀ ní, "Mi ò lè pàṣẹ fún yín pé kí ẹ jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde, n ó bá yín jáde."

Bàbá Fẹlíìsì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa, kò fẹ́ ẹ. Ó dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mísà. "Nítorí ọkàn ni Ìjọ ṣe wà," ló wí, "kì í ṣe nítorí ilẹ̀. Ẹ fi òṣèlú sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú."

Àgáàtà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Bàbá, inú ara ni ọkàn mi ń gbé, ara náà sì ń jẹ àgbàdo. Ibo ni kí n ti pín wọn níyà?"

Bàbá yà fún wa lọ́nà.

Lọ́jọ́ tí a jáde, ojú ọ̀nà oko la jókòó sí, àwa obìnrin níwájú, Mọpẹ̀ẹ̀ láàárín wa nínú aṣọ funfun rẹ̀. A mú rosárì wa lọ́wọ́. Alájà Mẹ̀múnà àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí abúlé wa mú tẹ̀súbà tiwọn, nítorí oko tiwọn náà wà níbẹ̀. Katapílà náà ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ìdí wa. Mo di aṣọ Àgáàtà mú. Ó kù díẹ̀ kó kàn wá ni ó dúró, awakọ̀ sì yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni Àgáàtà wí. "Pa ọkọ̀ yẹn, kí o wá mu omi."

Ó pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì mu omi. A bú sẹ́kún, a bú sẹ́rìn-ín, a kọrin títí ohùn fi há. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè bí ìjọba Ọlọ́run ṣe rí, ẹ ní mo ti rí i rí, lójú ọ̀nà oko, nínú eruku.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjókòó àti ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn á dá apá tó sún mọ́ ilé padà, àwọn á sì mú ti òkè. Oko tèmi bọ́. Ti Àgáàtà lọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè níwájú gbogbo ẹbí, ó ní, "Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín gbọ́dọ̀ jẹun." Ẹbí ṣèlérí pé àwọn á gé ilẹ̀ fún un nínú èyí tó kù. Wọn kò gé e. Lórí ilẹ̀ tèmi ló ti ń bá mi dáko títí agbára rẹ̀ fi tán.

Kí ọdún tó parí, wọ́n ti gbé Mọpẹ̀ẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Bàbá Fẹlíìsì dìde, ó ní ilé iṣẹ́ onígi tíìkì fẹ́ fi páànù tuntun bo ilé Ọlọ́run, ìgbìmọ̀ sì ti gbà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Òjò ti ń pa wá tipẹ́ nínú ilé yẹn, n kò lè bá wọn wí. Àgáàtà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kúnlẹ̀ kí pẹpẹ, ó sì jáde. Kò wọ ibẹ̀ mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyálé mi, ṣé ká máa lọ?"

"Máa lọ, Ìyàwó. Bá mi kí Olúwa. Sọ fún un pé èmi àti òun kò jà."

Á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, á máa ka rosárì. Àlùfáà tuntun wá bẹ̀ ẹ́. Àgáàtà ní òun á padà lọ́jọ́ tí àlùfáà bá wàásù nípa ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Àlùfáà ní òun á rò ó. Nígbà tó tún wá, òróró ìkẹyìn ló mú dání, Àgáàtà kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ti kìlọ̀ fún mi kí àìsàn tó wọ̀ ọ́ lára pé ká má gbé òkú òun wọ abẹ́ páànù yẹn. Nígbà tó kú, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Àkọ́bí rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Màmá kékeré, ẹ jọ̀ọ́. Bí a kò bá gbé wọn wọlé, kí ni àwọn èèyàn á wí?"

Wọ́n gbé e wọlé. Orin dùn lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni kò lè lanu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, oko tó wà nítòsí ilé ṣì jẹ́ tiwa. Ohun tí a jà gbà nìyẹn, mi ò ní fojú kéré rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń jẹun. Mo ṣì ń lọ sí mísà. Mo gba ẹ̀kọ́ tí Mọpẹ̀ẹ̀ kọ́ wa gbọ́ títí dòní, n kò sì tíì gbọ́ ọ lórí pẹpẹ yẹn. Ẹbí ṣì jẹ àwọn ọmọ Àgáàtà ní gbèsè ilẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ti rí iṣẹ́ báyìí. Lábẹ́ igi tíìkì ló ń bá ilé iṣẹ́ náà roko, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀pà. Tí a bá pàdé lọ́nà nírọ̀lẹ́, á dọ̀bálẹ̀ kí mi, á ní, "Màmá kékeré, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Erùpẹ̀ pupa á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, mo sì máa ń wo ibòmíràn.