Ìgbà tí Àbíkẹ́yìn Mi Di Láńlọ́ọ̀dù ní Ifọ̀

Ẹni tó wà lórí ìdúró, kó wá ibì kan fìdí lé. Ẹni tó ń fọ abọ́, kó fi abọ́ sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìrìn. Mo rántí ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ilé ìwé rẹ̀ ní Mowe kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé mi kúrò ní Ọ̀ṣun wá sí Mowe. Ilé ń hù níbẹ̀ bí olú, èmi náà ń kọ́ ọ fún ẹni ẹlẹ́ni, mo sì háyà yàrá méjì fún èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ. Nínú yàrá méjì yẹn, ọmọ mi yìí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Yóò bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Ní kíláàsì, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kò lè sọ, àfi kó tọ̀ sára.

Èyí tó dùn mí jù, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ti ilé ìwé. Ti ìkíni ni. Bí a bá pàdé àgbà, ọmọ á kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní là. Èmi á ká a mọ́ ibẹ̀: "Kí wọn. Mo ní kí o kí wọn. Ṣé o ò rí àgbà ni?" Èmi ọlọ́gbọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mo ń kọ́ ọ. Bí mo ṣe ń pariwo ni ọrùn rẹ̀ ń wọ inú èjìká lọ bíi ti ahun.

Nígbà tó ku sáà kan kí wọ́n wọ kíláàsì kejì, ọ̀gá ilé ìwé pè wá. Ó ní bí tíṣà kankan kò bá gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ìwé kíkà kí sáà náà tó parí, òun kò ní gbé e kọjá, pé bóyá ká wá ilé ìwé àwọn odi fún un. Ìyá mi gbọ́ lọ́hùn-ún, ó pè mí lórí fóònù. "Kó aṣọ rẹ̀ jọ. Bí ilé ìwé bá ti padé, mò ń mú un lọ sí Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ Èkó yìí, ẹ ò mọ ọmọ tọ́." Ìyàwó mi kò lè jẹun. Ó mọ̀ pé ọmọ tí ìyá mi bá mú lọ, kì í dá a padà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá pè wá yẹn, tíṣà rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ti sá tẹ̀ lé wa dé gééètì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá kan wà ní Ifọ̀, olùdámọ̀ràn fún òbí àtọmọ ni wọ́n. Ọmọ yìí kì í ṣe odi. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn ògiri."

Mo mú un lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi kò gbà á. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ni ìyá náà gbà wá sí, ẹní àti àga kéékèèké ló wà níbẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀, kò fọhùn. Mo ní, "Kí wọn," ìyá náà sì gbọ́wọ́ sókè sí mi.

"Bàbá, láti òní lọ, ẹ má sọ fún un mọ́ pé kó kí ẹnikẹ́ni."

"Màmá, wọ́n á ní mi ò kọ́ ọmọ."

"Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ẹ lè fara dà á? Ẹ̀rù ló dì í lọ́fun, kì í ṣe àfojúdi. Kí lẹ máa ń ṣe nílé tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Ojú tì mí láti sọ. Eré tó fẹ́ràn jù ni kó ṣe láńlọ́ọ̀dù wa. Yóò dé fìlà mi, yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò wá máa jágbe mọ́ mi: "Bíríkìlà, o kọ́lé fún gbogbo ayé, ilé mi lò ń gbé." Èmi á dọ̀bálẹ̀, èmi á máa bẹ̀bẹ̀. Ìyá olùdámọ̀ràn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ká máa ṣe é níbẹ̀, ó bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ ní gbogbo Sátidé. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn di èyí tí wọ́n ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí gbayawu, ìyá náà sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bí ohùn ọmọ bá rẹlẹ̀, ìyá náà kò ní sún mọ́ wa sí i lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi tí mò ń pa òwe yẹn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, Ifọ̀ ni mo ti wá gbọ́ ọ yé. Ní Mowe, láńlọ́ọ̀dù gangan wá ká mi mọ́ ẹnu kànga. "Ọmọ rẹ ò fi ẹnu kí mi, o sì ń wò ó níran." Mo ní, "Ẹ má bínú, baba." Ó nira fún mi ju ríru búlọ́ọ̀kù lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ilé ìwé padé, ìyá mi ti dé láti Ọ̀ṣun, ó ti ń to aṣọ ọmọ sínú báàgì, lọ́jọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí. Láńlọ́ọ̀dù wa kékeré ń jágbe mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ìyá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, láìwojú ẹnikẹ́ni: "Ẹ kú ilé o. Yàrá ni mò ń wá."

Ọmọ wò mí. "Dá wọn lóhùn" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì, mo tẹjú mọ́ ẹní.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ gbébẹ̀?" Ohùn náà kéré, ṣùgbọ́n ó jáde.

"Èmi àti ọmọ mi kan ṣoṣo."

"Ṣé kì í pariwo? A ò gba aláriwo níbí."

"Rárá o, baba. Kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọmọ mi ro ó díẹ̀. "Tí ẹ̀rọ omi bá wá ń jò ńkọ́? Ta ló máa sọ fún mi?"

Ìyá náà ṣẹ́jú sí mi pé kí n yọ́ jáde. Mo jáde, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì jókòó sórí iyanrìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yàrá náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọmọ mi ní wọn ò gbọdọ̀ sin ewúrẹ́. Mo mí kanlẹ̀. Ó dà bíi pé n kò tíì mí láti ìgbà tí wọ́n ti pè wá nílé ìwé.

Tíṣà rẹ̀ bá wa lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun náà ní yàrá lòun ń wá. Kí ilé ìwé tó padé, ọmọ ti kàwé sí i létí, ọ̀gá ilé ìwé dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ń gbọ́. Báàgì tirẹ̀ nìkan ni ìyá mi gbé padà. Ní gáréèjì, ọmọ kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó kí wọn, ó ní, "Ó dàbọ̀, Ìyá Àgbà." Ìyá mi wọ mọ́tò, kò bojú wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé omijé ni kò fẹ́ ká rí.

Ọjọ́ ti gorí ọjọ́. Ìyá olùdámọ̀ràn ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Arepo. Nígbà tó ń palẹ̀ yàrá yẹn mọ́, tíṣà ló jogún àwọn àga kéékèèké. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ náà, òun ni olùdámọ̀ràn ilé ìwé kan ní Ibafo báyìí. Ìyàwó mi jogún àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wá síbẹ̀. Èyí tó bá wá pẹ̀lú ẹkún nínú wọn, ìyàwó mi ni tíṣà ń ránṣẹ́ pè kó wá jókòó tì í. Ọmọ mi wà ní yunifásítì ní Ibogun, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí dòní, kò sì sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sí i.

Èmi fi búlọ́ọ̀kù mọ ìjókòó kan síwájú yàrá tíṣà ní Ibafo, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, mo ṣe ibi ìfẹ̀yìntì sí i. Ìgbà mìíràn tí mo bá yà síbẹ̀, mo máa ń bá bàbá kan lórí rẹ̀, fìlà lórí orúnkún, etí lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn. N kì í bi í ní ohunkóhun. Mo máa ń ní kó sún díẹ̀ fún mi, àwa méjèèjì á sì jọ dákẹ́.